Kóòtù Tí Àdúgbò Dá fún Mi

Bàbá mi àgbà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Kò sọ fún mi pé ibẹ̀ la ń lọ. Ó ní kí n wẹ̀, kí n wọ aṣọ tó mọ́, kí n tẹ̀ lé òun lọ sọ́jà. Ọjọ́ ọjà ni, mo sì rò pé iyọ̀ la fẹ́ lọ rù wálé. Bàbá tó bí mi ti kú nígbà tí mo ṣì wà ní ìwé kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló tọ́ mi dàgbà. Òun ni olórí ẹbí wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wa ní Adó sì ń gbọ́. Bí ó bá ní kí ènìyàn tẹ̀ lé òun, ènìyàn kì í béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Mùsùlùmí ni télọ̀ náà, ó ti gbé Èkó pẹ́ kó tó padà wálé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, dígí gígùn kan tó ti là ní igun kan sì wà lára ògiri. Bí a ti jókòó ló fa okùn ìwọ̀n yọ lọ́rùn. Ó wọn èjìká mi, ó wọn àyà mi, ó wọn apá mi títí dé ọrùn ọwọ́, ó kúnlẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ mi nínú àti lóde. Ó ní kí n mí sínú. Ó ní kí n mí síta. Ó yí mi sọ́tùn-ún, ó yí mi sósì. Ojú tì mí, torí bí wọ́n ti ń yẹ àgbò wò lọ́jà kí wọ́n tó rà á gan-an ló ṣe ń yẹ̀ mí wò.

"Bàbá, kí ni wọ́n ń wọ̀n mí sí?"

"Kóòtù ni," ni bàbá mi àgbà wí. "Kóòtù àti ṣòkòtò rẹ̀, àti èyí kékeré tí wọ́n ń wọ̀ sínú."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. "Baba, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ o. Aṣọ tí mo bá gé sí ara ọmọ yìí, ẹlòmíràn ò ní lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sanra jù ú lọ yóò fà á ya. Ẹni tó bá kéré sí i yóò dà bí ẹni tó kó sínú àpò."

"Ohun tí a ń fẹ́ gan-an nìyẹn," ni bàbá mi àgbà dáhùn.

Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ ọ́n.

Àdúgbò wa ti ní kóòtù kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń kó aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ wá láti Èkó. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ síwájú ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ń wọ̀ ọ́. Òyìnbó tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní láti jẹ́ ènìyàn gíga, torí bí àwọn àgbà wa bá wọ̀ ọ́, apá rẹ̀ á gbé ọwọ́ wọn mì, ìdí rẹ̀ á sì dé orúnkún. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú ajẹ́lẹ̀ nínú aṣọ yìí, ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan. Ògbufọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó yí ojú sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Àgbà náà rí i. Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó padà sílé, ó sì gbé kóòtù náà lọ sóko, ó fi kọ́ igi láàárín àgbàdo kí ó máa lé ẹyẹ. Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn àgbà pàdé tí wọ́n fẹnu kò pé àwọn ò ní wọ aṣọ ẹlòmíràn mọ́. Wọn yóò wá ọmọ tó mọ̀wé, wọn yóò gé kóòtù tí ó bá ara rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, òun ni yóò sì máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Èmi nìkan ni mo ti jáde ìwé kẹfà ní àdúgbò wa. Wọ́n dáwó jọ lẹ́yìn tí wọ́n ta kòkó. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Bẹ́ẹ̀ èmi ní tèmi ti ní ohun tí mò ń gbèrò. Lọ́rì kan máa ń wá láti Iléṣà láti wá kó ẹkùrọ́ àti kòkó. Lọ́jọ́ tí ó bá dé, ẹ ò lè rí mi nílé. Òórùn epo rẹ̀ ń dùn mọ́ mi nímú. Mo fẹ́ràn bí awakọ̀ ti ń yí irin níwájú rẹ̀ títí gbogbo ara lọ́rì náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo ti ń bá a pọn omi sí i, mo ti bá a pààrọ̀ táyà. Awakọ̀ náà rí i pé mi ò kọ èérí, ó sì ní bí òun bá padà wá lẹ́yìn òjò, kí n di ẹrù mi, kí n wá di ọmọ mọ́tò òun. Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. Ìyá mi dákẹ́, mo sì rò pé ó ti gbà. Mi ò mọ̀ pé bí ilẹ̀ ti mọ́ ló lọ bá bàbá mi àgbà. Mi ò lè bá a wí. Èmi nìkan ló bí tó yè, ó sì ti gbọ́ pé lọ́rì kan já sínú odò lọ́nà Òṣogbo.

Nígbà tí télọ̀ ránṣẹ́ pé aṣọ ti parí, bàbá mi àgbà àti àwọn àgbà mélòó kan tẹ̀ lé mi lọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé mo kórìíra aṣọ náà. Rárá o. Dúdú ni, ó ń fà sí àwọ̀ aró. Aṣọ tó fi tẹ́ inú rẹ̀ tutù, ó sì ń yọ̀. Bí mo ti ki apá bọ̀ ọ́ ló jókòó sí èjìká mi bí ẹni pé àtẹ́lẹwọ́ méjì ni wọ́n gbé lé mi. Télọ̀ dé bọ́tìnnì, ó fọwọ́ nu ẹ̀yìn mi láti ọrùn dé ìdí, ó ní kí n wo dígí. Mo wò ó. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní àyà. Ó ga jù mí lọ díẹ̀. Orí rẹ̀ dúró ṣánṣán, èmi tí ìyá mi máa ń sọ fún pé kí n má rìn bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yí díẹ̀, mo tún yí. Bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni ǹ bá wà títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ọmọ ulé wa nìyí," ni bàbá mi àgbà wí, omi sì wà lójú rẹ̀. Mi ò tíì rí omijé lójú rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ooru mú mi débi pé ẹ̀wù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lára, ṣùgbọ́n bí a ti jáde, gbogbo ènìyàn ló ń yà fún mi lọ́nà. Àwọn ìyàwó ilé wa, tí wọ́n ti pọn mí nígbà tí mo kéré, kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ káàbọ̀, akọ̀wé wa." Mo rò pé wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ní ọjọ́ kejì tí mo wọ aṣọ lásán, wọ́n tún sọ pé, "Ẹ káàárọ̀." Láti ọjọ́ náà ni "o" ti kúrò lẹ́nu wọn, tó di "ẹ", kò sì padà mọ́. Mo mú ọkọ́ láti lọ sóko, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹbí gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ pọn omi, wọ́n gba ìkòkò. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ máa ń jókòó ta ayò nírọ̀lẹ́ á dìde bí mo bá dé, wọ́n á wá àga fún mi, eré náà á sì bàjẹ́. Mo ń jókòó lórí àga yẹn bí àlejò ní ìdí igi tí mo ti ń gun láti kékeré.

Lẹ́yìn òjò, lọ́rì dé. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré wọ yàrá láti lọ wá kàkí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ àti ẹ̀wù mi tó ti gbó. Inú àpótí ṣófo, àfi kóòtù náà àti ṣòkòtò rẹ̀ àti ẹ̀wù funfun abẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ síbẹ̀.

"Yèyé, aṣọ uṣẹ́ mi dà?"

"Mo ti kó o fún àwọn àbúrò rẹ," ni ìyá mi wí, kò sì wo ojú mi. "Kí ni akọ̀wé fẹ́ fi àkísà ṣe?"

Ìró kan tí mo ró wà lára mi. Mi ò lè wọ̀ ọ́ lọ bá awakọ̀. Mo dúró, mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú lọ́rì. Nígbà tó yá mo wọ kóòtù, mo sì jáde.

Awakọ̀ náà kò kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé iwájú lẹ máa jókòó sí?"

"Èmi ni," ni mo wí. "Ọmọ tó ń bá yín pọn omi. Mo ti ṣe tán."

Ó wò mí dáadáa, ó bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. "Ta ló fi irú aṣọ yìí dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò rí?" Ó tọ́ka sí abẹ́ lọ́rì. Epo ń kán níbẹ̀, nǹkan kan ti tú. "Bí o bá ṣe tán lóòótọ́, wọ abẹ́ rẹ̀, kí o bá mi di nọ́ọ̀tì yẹn mú."

Mo bọ́ kóòtù, mo fi kọ́ ara lọ́rì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá ẹ̀wù funfun mi. Àwọn tó ń kó ẹrù dúró. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa wà níbẹ̀ tó wá ta ẹkùrọ́ rẹ̀. Ó ti darúgbó púpọ̀, ó sì ti tẹ̀. Nígbà tó rí i pé mo ti fi orúnkún kan kanlẹ̀ nínú epo tó wà nílẹ̀ yẹn, ó tú ìborùn rẹ̀, ó sáré bí ó ti lè sáré, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ má jẹ́ kí aṣọ wa bàjẹ́," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí èyí."

Ìborùn náà mọ́. Mo rí i pé èyí tí ó máa ń dá bora lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òun náà dúró láìbora nínú oòrùn, èjìká rẹ̀ gbẹ, ó ń retí kí n dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dí mi lọ́wọ́. Bí mo bá fẹ́, mo lè dùbúlẹ̀ sórí aṣọ ìyá àgbà, kí n di nọ́ọ̀tì mú, kí n sì bá lọ́rì lọ. Mo gbé ìborùn náà nílẹ̀, mo gbọn eruku rẹ̀ nù, mo fi bò ó. Mo mú kóòtù mi, mo sì padà sílé. Awakọ̀ kò pè mí padà. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ ariwo lọ́rì, mo máa ń wá nǹkan ṣe nínú ilé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wolé-wolé wá fi ẹfun sàmì sára àwọn ilé wa kan. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tuntun, ilé bàbá mi àgbà sì wà lára àwọn tí wọn yóò wó. Ọjọ́ tí wọ́n dá kò jìnnà, òjò sì ṣì ń rọ̀. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ.

A lọ bá ajẹ́lẹ̀, èmi níwájú, àwọn àgbà lẹ́yìn. Ara mi ń gbọ̀n nínú kóòtù náà, ṣùgbọ́n kóòtù kò jẹ́ kí ó hàn. Ajẹ́lẹ̀ gbójú sókè. Ó wo ọrùn aṣọ mi, ó wo bọ́tìnnì, ó wo bí apá ṣe dúró lẹ́nu ọwọ́. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Mo sọ fún ajẹ́lẹ̀ pé a ò kọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òjò dá, kí àwọn tó nilé lè rí ewé kọ́ ilé mìíràn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé pàápàá lè sọ ọ́. Ó gbà. Ó ní kí wọ́n dúró di ọ̀gbẹlẹ̀.

Nígbà tí a ń padà, orin ni wọ́n ń kọ. Bàbá mi àgbà dì mí lọ́wọ́ mú títí a fi délé, bí ẹni pé mo lè bọ́ sọnù. Àwọn àdúgbò mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá tọrọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló máa ń dá wọn lóhùn. Wọn á ti jọ dá ọjọ́ kí wọ́n tó sọ fún mi.

Ìgbà náà ni mo pinnu láti sanra. Ó lè pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà mìíràn. Bí aṣọ bá kọ̀ mí, kò sẹ́lòmíràn tí yóò gbà á, owó mìíràn kò sì sí nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á parí síbẹ̀. Mo ń jẹ iyán lówùúrọ̀, mo ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Inú ìyá mi ń dùn, ó ń bu ẹran lé e. Mo rò pé yóò pẹ́, ṣùgbọ́n ara mi náà ṣì ń dàgbà, èjìká mi sì ń fẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, bọ́tìnnì kò dé mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi débi pé mi ò lè na ọwọ́ síwájú. Mo lọ sọ fún bàbá mi àgbà, mo sì ṣe ojú mi bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́.

"Gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀," ni ó wí.

Télọ̀ nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n wọ̀ ọ́. Ó yí mi ká, ó fi ìka tẹ ojú ìrán rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ ti ẹ̀yìn. Ó bọ́ ọ lára mi, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì fi aṣọ tó ṣẹ́ sínú hàn mí. Ó pọ̀. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ní i, àti ìdí apá, àti ẹ̀yìn ṣòkòtò.

"Ọmọ tó ń dàgbà ni mo wọ̀n," ni ó wí. "Mo ti fi sílẹ̀ dè ọ́. Aṣọ yìí lè bá ọ lọ títí o ó fi di àgbàlagbà."

Mo jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó wò mí.

"Ó jọ pé o ò fẹ́ kí n tú u."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ lọ́rì, ọ̀rọ̀ kàkí, ti ìborùn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń fi abẹ́rẹ́ ha eyín. Ó ní Èkó ni òun fẹ́ kú sí, pé òun ti ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ránṣẹ́ pé bàbá òun ò lè ríran mọ́, òun sì ni àkọ́bí. Ó ní òun rò pé ọdún kan lòun máa lò.

"Gbọ́," ni ó wí. "Bí o bá fẹ́, màá sọ fún bàbá rẹ pé aṣọ ti tán nínú rẹ̀, pé kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Wọn ò mọ inú aṣọ. Ohun tí mo bá sọ ni wọ́n máa gbà. Ìwọ ni kí o sọ èyí tí o fẹ́."

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tó mú mi tún un wọ̀. Mo dìde, mo wọ̀ ọ́ bó ti fún tó, mo dúró níwájú dígí. Bọ́tìnnì ṣí sílẹ̀, ẹ̀yìn dì mí, síbẹ̀ ẹni tó wà nínú dígí náà ṣì dára. Mo rántí bí ajẹ́lẹ̀ ti wo ọrùn aṣọ mi. Mo rántí bí ògbufọ̀ ti gbé àga. Mo gbìyànjú láti rí ara mi nínú kàkí, pẹ̀lú epo lápá, lẹ́bàá ọ̀nà ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí, mi ò sì rí i mọ́. Ojú mi kò gbé e wá. Mo pa ojú dé kí n lè rí i, síbẹ̀ kò wá.

Télọ̀ kò kán mi lójú. Ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Ẹ tú u," ni mo wí.

Kò bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òsì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbà mí ní akọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀, mo sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́yàwó nínú kóòtù náà. Inú rẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi àgbà. Nígbà tó gbó mo dá òmíràn, mo sì tún dá òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, owó ara mi ni, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Bí télọ̀ bá ń wọ̀n mí, mo máa ń sọ fún un pé kí ó fi àlékún sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n rán mi lọ sí Ìyìn lórí ẹjọ́ kan. Òwúrọ̀ ni, ọyẹ́ bo gbogbo òkè, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ. Ọ̀nà náà tóóró níbì kan, koríko sì ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọkùnrin kan ń bọ̀ níwájú, ó ru igi ìdáná tó wúwo. Mo rí i pé ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi ò ru nǹkan kan. Mo fẹ́ yà fún un, mo tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú koríko, ṣùgbọ́n ó ti rí kóòtù mi kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú igbó pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń gbìyànjú láti tẹrí ba lábẹ́ igi náà.

"Ẹ máa bọ̀, bàbá," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sójú ọ̀nà."

"Ẹ kọjá, sà," ni ó dáhùn. "Ẹ kọjá."

Bí mo bá dúró síbẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ẹ́, ṣe ni ẹrù náà á máa pọ̀ sí i lọ́rùn rẹ̀. Mo kọjá.